Àwọn Tí Orúkọ Wọn Kò Sí Nínú Gìtá: Ọ̀sẹ̀ Kan Láàárín Àwọn Oníṣẹ́ Gìtá ní Sípéènì

Ọjọ́ Ajé, Madrid

Òpópónà Aduana kò gùn. Ẹ̀yìn Puerta del Sol ló wà, níbi tí èrò kì í dá. Mo rìn ín já lówùúrọ̀ yìí nítorí Santos Hernández, oníṣẹ́ gìtá tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920. Ìtàn rẹ̀ ló gbé mi kúrò nílé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1912, Andrés Segovia, atagìtá tí ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà, tó jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn, wọ ṣọ́ọ̀bù Manuel Ramírez, ọ̀gá oníṣẹ́ gìtá, nílùú yìí. Ó ń wá gìtá tó máa yá fi ṣeré ní Madrid. Segovia fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé nígbà tí ọ̀gá náà gbọ́ ọwọ́ òun, ńṣe ló gbé gìtá lé òun lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀. Gìtá yẹn ló gbé káàkiri ayé títí di 1937, kó tó bọ́ sórí èyí tí Hermann Hauser ṣe fún un ní Jámánì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York ló wà báyìí. Ẹni tó bá yọjú wo inú ihò rẹ̀, orúkọ Manuel Ramírez ló máa kà lórí lébẹ́ẹ̀lì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Santos Hernández, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ni àwọn tó mọ tinú tòde iṣẹ́ yìí gbà pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ramírez kú lọ́dún 1916, ṣọ́ọ̀bù kò sì tì. Santos àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Domingo Esteso ń ṣiṣẹ́ lọ níbẹ̀, gìtá ń jáde, lébẹ́ẹ̀lì sì ń pè é ní iṣẹ́ opó Manuel Ramírez. Àwọn tó ń fá igi, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ojú wọn kò hàn sí ẹni tó ń rà á. Ìgbà tí kálukú wọn dá dúró ni orúkọ wọn tó wọnú gìtá.

Nílé wa, onílù la máa ń ná owó fún lójú agbo, oríkì Àyàn la sì máa ń kì. Ẹni tó gbẹ́ igi ìlù yẹn ńkọ́? Àwa tá a lè dárúkọ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, gìtá ló sì kọ́kọ́ mú kí n bi ara mi ní ìbéèrè náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ tọkọtaya kan ní Granada, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, pé kí wọ́n jẹ́ kí n wá jókòó tì wọ́n. Wọ́n gbà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí n má ṣe ni kí n kọ orúkọ wọn. Àwọn tó ń dúró de gìtá lọ́dọ̀ wọn ti pọ̀ jù, wọn kò fẹ́ kí èrò tún pọ̀ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Granada

Láti ọdún 2019 ni ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá ti ń wá síbí láti Madrid. Mo wọ̀ ọ́ ní ibùdókọ̀ Atocha láàárọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mo ti ń wo yìnyín lórí òkè Sierra Nevada.

Cuesta de Gomérez ni orúkọ ọ̀nà tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ràn gìtá ń béèrè nílùú yìí. Ó gbéra ní Plaza Nueva, ó gun òkè fíofío, ó sì já sí Puerta de las Granadas, ẹnubodè tí èèyàn ń gbà wọ inú igbó Alhambra. Àwọn àlejò tó ń lọ wo ààfin àwọn ọba Mùsùlùmí àtijọ́ ló kún ojú ọ̀nà. Púpọ̀ nínú wọn ń kọjá lọ láìwo ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá dúró, tó fetí sílẹ̀, á gbọ́ ìró ìfági láti ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀, á sì gbóòórùn kédárì.

Lójú ọ̀nà yìí ni Eduardo Ferrer ti ṣiṣẹ́. Ẹbí rẹ̀, Benito Ferrer, ti wà nídìí iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ayé mọ̀ sí ọ̀gá ní Granada lónìí, ọ̀dọ̀ Eduardo ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Antonio Marín Montero, tó jẹ́ káfíńtà alága àti kọ́bọ́ọ̀dù kó tó di oníṣẹ́ gìtá, gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, Robert Bouchet wá láti ilẹ̀ Faransé. Ayàwòrán ni Bouchet, òun ló sì kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ gìtá. Òun àti Marín jọ ṣiṣẹ́ ní Granada, èyí sì yí ọwọ́ Marín padà. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an: àgbà ọ̀gá tó ti lórúkọ tún jókòó ti àlejò, ó ń kọ́ nǹkan tuntun. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ti ń wá kọ́ṣẹ́ síbí, Faransé, Jámánì, Jàpáánì, tí àwọn mìíràn sì jókòó síbẹ̀ pátápátá.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ń lọ kò sí lójú ọ̀nà ńlá yìí. Inú kọ̀rọ̀ kan ní àdúgbò Realejo ló wà. Yàrá méjì péré ni, èyí tó wà níwájú fún iṣẹ́ igi, ti ẹ̀yìn fún dídán. Ọ̀gá náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Maestro ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìyàwó wọn ni mo sọ ní Màmá láti ìkíni àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà á. Ọmọṣẹ́ wọn jẹ́ ọmọbìnrin kan láti Jámánì. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló ń túmọ̀ nígbà tí èdè Sípéènì mi bá tán lẹ́nu.

Ọjọ́rú, Granada

Ojúmọ́ kò tíì mọ́ tán tí mo ti débẹ̀. Mo ti rò pé ara gìtá, àpótí rẹ̀, ni wọ́n máa kọ́kọ́ kàn, kí wọ́n tó wá so ọrùn mọ́ ọn. Níbí, ọrùn ló ń ṣáájú. Kédárì tó wá láti Latin Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń ṣe é, igi tó fúyẹ́ tí kì í tètè ká. Ní ìdí ọrùn náà, Maestro fi ayùn la ojú tín-ínrín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Inú ojú wọ̀nyẹn ni igi ẹ̀gbẹ́ gìtá máa wọ̀, tí gọ́ọ̀mù á sì dì í mú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Sípéènì nìyẹn láti ayébáyé: ọrùn àti ara ti di ọ̀kan kí àpótí tó pé. Ó dára fún ohùn, wọ́n ní. Ó sì le fún àtúnṣe, nítorí pé bí ọrùn bá tẹ̀ síwájú lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, kò sí ibi téèyàn á ti tú u láìba nǹkan jẹ́.

Igi ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń rì sómi díẹ̀, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ páìpù irin gbígbóná. Ọmọṣẹ́ ló ṣe é lónìí. Èéfín ń rú, igi ń ké jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìkánjú títí ó fi yí bí ìbàdí gìtá ṣe yí. Igi rosewood ilẹ̀ Íńdíà ni. Sípírẹ́sì ni wọ́n ń lò fún gìtá flamenco, orin ìbílẹ̀ gúúsù Sípéènì, torí pé ó fúyẹ́ jù, ohùn rẹ̀ sì máa ń já ṣàn-án. Mo béèrè rosewood ti Bràsíìlì, tí àwọn olówó ń wá. Maestro fọwọ́ sọ pé ó tì. Láti 1992 ni òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti igi tó ń kú tán, ti fi igi náà sí ìsọ̀rí tó le jù, kí wọ́n má bàa gé e tán. Lóṣù Kìíní 2017, òfin náà nasẹ̀ dé gbogbo ẹbí rosewood. Gìtá tí rosewood bá wà lára rẹ̀, tí wọ́n bá tà kọjá ẹnubodè, nílò ìwé àṣẹ nígbà náà, àwọn ṣọ́ọ̀bù kékeré tí kò ní akọ̀wé ló sì jìyà rẹ̀ jù. Màmá ló ń kọ ìwé wọ̀nyẹn lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Lóṣù Kọkànlá 2019 ni wọ́n tó yọ ohun èlò orin tí wọ́n ti ṣe parí kúrò lábẹ́ rẹ̀, àfi ti Bràsíìlì yẹn.

Èyí tó gba ọjọ́ mi jù ni ojú gìtá, pákó iwájú tó ní ihò. Spruce láti orí òkè Yúróòpù ni, igi funfun tí ìlà rẹ̀ sún mọ́ra. Wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí pákó iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní solera. Wọ́n ti gbẹ́ àárín pákó yẹn wọnú díẹ̀, kí ojú gìtá lè yọ ikùn tí ojú lásán kò ní tètè rí. Sábẹ́ ojú yìí ni wọ́n lẹ ọ̀pá pẹ́ẹ́rẹ́pẹ́ẹ́rẹ́ méje sí ní ìrísí abẹ̀bẹ̀. Ẹ rò ó wò: igi tí kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà méjì àti ààbọ̀ lọ, òun ló máa fara da okùn mẹ́fà tí agbára ìfàsẹ́yìn wọn lápapọ̀ tó nǹkan bíi kílò 40, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá nípọn jù, ohùn kò ní jáde. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, ó máa wó.

Mo bi Maestro pé kí ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó tó. Ìwọ̀n wà, wọ́n fi hàn mí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìwọ̀n yẹn sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Wọ́n mú ojú náà sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, wọ́n rọra ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n fá ọ̀pá kan díẹ̀, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi oríkèé ìka kàn án bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n tẹ́tí. Ọmọṣẹ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ó ní lọ́dún àkọ́kọ́, òun kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan, ìró igi lásán ni. Kò mọ ọjọ́ tí etí òun là. Èmi tẹ́tí títí, mo gbọ́ pé ìró náà jinlẹ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n fá a, mi ò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, Granada

Lónìí jẹ́ ọjọ́ àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ nǹkan nípa apá yìí, nígbà tó sì jẹ́ pé òun ló ń fún ṣọ́ọ̀bù kékeré lóúnjẹ láàárín gìtá kan sí èkejì.

Àwọn iṣẹ́ wẹ́wẹ́ kọ́kọ́ wọlé: fírẹ́ẹ̀tì, irin tín-ínrín tó dábùú ọrùn gìtá, tí okùn ti jẹ, egungun ìdí okùn tó ga jù, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kọ́kọ́rọ́ ìfa-okùn rẹ̀ ń yọ̀. Ọmọṣẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ ká tó jẹun ọ̀sán.

Lẹ́yìn náà ni bàbá kan gbé gìtá bàbá rẹ̀ wá nínú àpótí tí awọ rẹ̀ ti bó. Ojú gìtá náà ti là láti ìdí dé ibi ihò. Maestro kò fọwọ́ kan okùn. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n gbé e sí. Lẹ́bàá ẹ̀rọ amúlégbóná ni, láti ìgbà òtútù. Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Igi ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń tú u jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, ojú gìtá á sún kì, àwọn ọ̀pá abẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kó sún, yóò sì là. Afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù yìí, wọn kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin rẹ̀ kúrò láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún, tọ̀sán tòru.

Wọ́n ti iná kékeré àti dígí bọ inú ihò. Maestro ń wò, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ń rí bí ẹni ń ka lẹ́tà. Ẹnì kan ti tún un ṣe rí. Igi pélébé tó lẹ̀ sábẹ́ ojú tó là nígbà yẹn dára, ó gé e mọ́ níwọ̀n, ó sì fi gọ́ọ̀mù awọ ẹran lẹ̀ ẹ́. Inú wọn dùn sí ẹni yẹn. Gọ́ọ̀mù awọ máa ń tú bí èèyàn bá fi ooru àti omi díẹ̀ kàn án, torí náà ẹni tó bá fi í ṣiṣẹ́ ń ro ti ẹni tó máa ṣí i lẹ́yìn ọ̀la. Ibòmíràn wà tí ẹlòmíràn da gọ́ọ̀mù olóró tó le bí òkúta sí. Ibẹ̀ ni Maestro ti dákẹ́, wọ́n mí kanlẹ̀. Igi ló máa ṣí kúrò níbẹ̀, gọ́ọ̀mù yẹn kò ní ṣí.

Nígbà tí wọ́n yí dígí náà sápá ọrùn, wọ́n pe ọmọṣẹ́, ó wò, ó sì pè mí. Lábẹ́ ojú gìtá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí láìní dígí, orúkọ kan wà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ, pẹ̀lú ọdún. Kì í ṣe orúkọ tó wà lórí lébẹ́ẹ̀lì. Ṣọ́ọ̀bù tí lébẹ́ẹ̀lì dárúkọ ní òṣìṣẹ́ púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, kó tó lẹ ẹ̀yìn gìtá pa, ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú òkùnkùn. Ọmọ oní-gìtá náà kò mọ̀ títí di òní. Ó ní kí a ka orúkọ náà fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kọ ọ́ sórí fóònù rẹ̀.

Mo bi Maestro bóyá àwọn náà ń gba ọmọṣẹ́ láàyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò dáhùn. Wọ́n sọ gìtá kan kalẹ̀ lára ògiri, wọ́n fún mi ní dígí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀, ti Màmá wà níwájú rẹ̀, ti àwọn fúnra wọn wà lẹ́yìn pátápátá. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni lébẹ́ẹ̀lì gidi wà. Ó wù mí kí ó wà níbi tí ojú lè rí i, mo sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Maestro ní àwọn oníbàárà ń fẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Màmá ní àwọn oníbàárà á fẹ́ ohun tí a bá fún wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, Granada

Mo wà lọ́dọ̀ Màmá nínú yàrá ẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n fi ń dán gìtá, ara kòkòrò kan ló ti ń jáde, èyí tó ń gbé lórí igi ní Íńdíà àti Tàílàńdì. Wọ́n ń yọ́ ọ sínú ọtí spírítì. Màmá fi òwú sínú aṣọ àtijọ́ tó mọ́, wọ́n ká a pọ̀ di ìdì kékeré tó kún ọwọ́, wọ́n tì í bọ inú ohun ìdán náà, wọ́n sì ń yí i lórí igi ní òbírí kéékèèké, wọn kò dúró lójú kan. Bí wọ́n bá dúró, á lẹ̀, á sì bó. Ìpele tó fẹ́lẹ́ ju ìwé lọ ni, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni gìtá kan ń gbà.

Èéṣe tí wọn kò fi fọ́n ọ̀dà sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Torí pé ọ̀dà nípọn, ó ń di ojú gìtá lọ́wọ́. Iṣẹ́ Màmá wà lára ohùn tí àwọn èèyàn ń yìn Maestro fún. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é, wọn kò tíì kàn gìtá kankan rí, kò sì sí gìtá tó ti ṣọ́ọ̀bù yìí jáde tí kò gba ọwọ́ wọn kọjá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Almería

Ọkọ̀ ojú irin rọra ń lọ gba Guadix, ilẹ̀ gbígbẹ àti òkè pupa lọ́tùn-ún lósì, títí tí òkun fi yọ. Mo wá nítorí Antonio de Torres, tí wọ́n bí ní La Cañada lẹ́bàá ìlú yìí lọ́dún 1817. Káfíńtà ni. Ní Seville ló ti di olókìkí, gìtá tí gbogbo ayé ń pè ní ti kílásíkà lónìí, títóbi rẹ̀, okùn tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 650, àti abẹ̀bẹ̀ abẹ́ ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti fìdí múlẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò bọ́ ọ tó. Nígbà tó padà sílé, ó ń ta àwo. Lọ́dún 1862, ó ti fi páálí ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ gìtá kan, kí ó lè fi hàn pé ojú ló ń sọ̀rọ̀. Gìtá yẹn wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé orin ní Barcelona.

Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, àlùfáà kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Juan Martínez Sirvent, ń wá ràn án lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ àlùfáà yìí la ti gbọ́ èsì tí Torres fọ̀ nígbà tí wọ́n ní kó tú àṣírí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun kò lè fi í sílẹ̀ fẹ́nikẹ́ni, torí pé àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá òun ló wà, àwọn ló ń sọ fún ọpọlọ òun bóyá ojú gìtá ti tó. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, mo kà á sí àsọdùn àgbà. Lẹ́yìn Ọjọ́rú, mo gbà á gbọ́ lódindi. Torres kú lọ́dún 1892. Orúkọ rẹ̀ wà lára ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gìtá tó wà láàárín ìlú. Mo béèrè níbẹ̀ bóyá nǹkan kan wà nípa àlùfáà yẹn. Ọ̀dọ́bìnrin tó dá mi lóhùn inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan béèrè, a sì jọ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àìkú, Granada

Ṣọ́ọ̀bù tì. Èmi àti ọmọṣẹ́ jẹun ní Realejo. Ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ti ń lọ sópin, ohun tó ń rò kò sì kéré. Ó lè padà sílé kó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó ti ní ìfági, ayùn àti síṣẹ́ẹ̀lì, ó ti ṣe solera tirẹ̀. Igi ni ìṣòro, nítorí igi tó dára gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ tó kàn án, ẹni tó bá sì ń bẹ̀rẹ̀ lónìí ní láti ra èyí tí á lò nígbà tí irun rẹ̀ bá funfun.

Ohun kejì ni lébẹ́ẹ̀lì. Gìtá tí wọ́n bá kọ Granada sí, oníbàárà ń dúró dè é. Bí ó bá kọ orúkọ ìlú tirẹ̀ ní Jámánì síbẹ̀, ọwọ́ kan náà, igi kan náà, owó tí wọ́n máa san á dín. Maestro ti ní kó dúró, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ tiwọn. Màmá ní kó má gbà bí kò bá jẹ́ pé tirẹ̀ náà máa hàn gbangba. Mo sọ èrò tèmi fún un: ẹni tó ti ń kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sínú òkùnkùn fún ọdún mélòó kan ti sanwó ìwọlé. Ó ní òun kò tíì pinnu. Ó ti ra spruce pelebe-pelebe mélòó kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń fẹ̀yìn tì, wọ́n wà lókè àjà Maestro, ó sì ti fi pẹ́ńsù kọ ọdún tí wọ́n gé wọn sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.